Ọ̀pá tó dúró àbí ọ̀pá tó ń yí: ohun tí ijó orí ọ̀pá ti kọ́ mi

Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ijó orí ọ̀pá máa ń bi mí jù ni pé èwo ló rọrùn nínú méjèèjì: ọ̀pá tí wọ́n dè pa tí kò ní mì, àbí èyí tí bẹ́árìn wà nínú rẹ̀, tó ń yí bírí pẹ̀lú ẹni tó bá gùn ún. Mo máa ń pe àkọ́kọ́ ní adúró, mo sì máa ń pe èkejì ní ayíbírí. Ohun tí mo ti rí ni pé kò sí èyí tó rọrùn nínú wọn. Iṣẹ́ tí ọ̀kan bá gbà lọ́wọ́ yín, yóò gbé òmíràn lé yín lórí. Adúró á ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ àti ìwúwo ara yín wá agbára tí ẹ ó fi yí. Ayíbírí á fún yín ní yíyí lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ á ní kí ẹ di ara yín mú títí òun á fi dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ara yín kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn kan máa ń wo adúró bí ẹni pé ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, pé tí èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n, á kúrò lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Íńdíà, òpó igi tí àwọn eléré mallakhamb ń gùn, tó sanra nísàlẹ̀ tó sì tín-ín-rín lókè, adúró ni. Òróró lárà ni wọ́n ń fi pa á kó má baà bó wọn lára. Òpó tí àwọn eléré ìdárayá Ṣáínà fi rọ́bà bò, tí wọ́n ń gùn tòun taṣọ, adúró ni. Nínú ìdíje tí International Pole Sports Federation ń ṣètò, ọ̀pá méjì ló ń wà lórí pèpéle, ọ̀kan adúró, ọ̀kan ayíbírí, eléré sì gbọ́dọ̀ lo méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyípo kan ṣoṣo wo ìyàtọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní fireman, torí ó jọ bí àwọn panápaná ṣe ń yọ̀ bọ́ lórí òpó. Lórí adúró, ẹ dúró kí ọ̀pá wà lápá ọ̀tún yín, kí àlàfo tó wà láàárín yín má ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lọ. Ọwọ́ ọ̀tún á dì í mú lókè orí, apá náà á nà. Ọwọ́ òsì á dì í mú ní ọ̀gangan àyà. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí ara tẹ̀ síta kúrò lára ọ̀pá, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lápá ọ̀tún pé ìwúwo yín ti wà níbẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀pá, ẹ wá ju ẹsẹ̀ òsì síta kó gba ọ̀nà jíjìn yí ọ̀pá ká. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ti ń kọjá níwájú ni ẹ ó fò díẹ̀, tí orúnkún méjèèjì á wá fún ọ̀pá mọ́ àárín. Ẹ máa yí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀, ẹ óò máa yọ̀ bọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á sì kanlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni kí èèyàn fò lọ bá ọ̀pá. Bí ẹ bá fò sí i tààrà, àyà yín ló máa lọ gbá a, yíyí á sì tán kó tó bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ohun tó ń fa ara yí ká. Ara tó tẹ̀ síta àti ẹsẹ̀ tó gba ọ̀nà jíjìn ni ẹ́ńjìnnì ìyípo lórí adúró. Ẹni tí kò bá yí dáadáa sábà máa ń rò pé apá òun ni kò lágbára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ tó kúrú rìn ni. Ẹ fi ẹfun ya òbìrí kan sílẹ̀ yí ọ̀pá ká, kí etí rẹ̀ jìnnà sí ọ̀pá tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ yín kan láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹsẹ̀ tó ń jù kò wọnú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan irú eléyìí wúlò ju oṣù kan tí ẹ fi ń gbé irin fún apá lọ.

Ohun kejì ni àtẹ́lẹwọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í ti ṣàlàyé tó. Lórí adúró, ọ̀pá kò yí, ara yín ló ń yí. Èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa yọ̀ díẹ̀ yí ọ̀pá ká bí ara ṣe ń lọ. Bí ẹ bá fún un pa bí ẹni di okùn kànga mú, awọ ọwọ́ á dúró sójú kan, egungun á sì fẹ́ máa lọ. Níbẹ̀ ni awọ ti ń bó, tí ọrùn ọwọ́ sì ń lọ́. Dídì tó dára ni èyí tó lè gbé ìwúwo yín, ṣùgbọ́n tó ṣì gba ọwọ́ láyè láti rìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ ìyípo lórí adúró pé kí wọ́n má fi àwọn ìpara tó ń lẹ̀ bí àtè pa ọwọ́. Bí òógùn bá pọ̀, ẹfun olómi tó èèyàn: ìwọ̀nba tó tó owó ẹyọ kékeré kan láàárín àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ra ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 20 kó gbẹ pátápátá. Èyí tí kò tíì gbẹ máa ń yọ̀ ju òógùn gan-an lọ. Lórí ayíbírí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọwọ́ kò ní rìn níbẹ̀. Ibi tó bá di mú náà ni yóò wà, nítorí náà ìpara tó ń lẹ̀ kò ní pa á lára.

Èjìká ni ẹ̀kẹta, kò sì yàtọ̀ lórí méjèèjì. Ẹ má fi ara kọ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, ẹ fa èjìká wálẹ̀ kúrò létí, kí abẹ́ abíyá le. Bí ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá ń ti ọ̀pá síta, bó ṣe máa ń rí nínú ìyípo tí ọwọ́ kan wà lókè tí ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìka ìfábẹ̀lá nà sísàlẹ̀ lórí ọ̀pá, kí ìgúnpá má sì yẹ̀ kọjá ibi tó tọ́. Àwọn tí ìgúnpá wọn máa ń yẹ̀ sẹ́yìn gbọ́dọ̀ ká a díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùkọ́ ń pariwo pé kí apá nà.

Ó wá kan ayíbírí. Fireman kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ju ẹsẹ̀ bí ẹ ṣe ń jù ú lórí adúró, ọ̀pá á gbé yín sáré débi pé ẹsẹ̀ á fò yọ, apá á sì fẹ́ já. Níbí, ẹ má ju nǹkan kan. Ẹ di ọ̀pá mú, ẹ rìn ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yí ká kí ọ̀pá máa bá yín lọ, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìṣísẹ̀ tó lọ́ra bíi ti ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù ti tó. Bí ọ̀pá bá ti ń lọ, ara yín ni ìjánu rẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ àti apá jìnnà sí ọ̀pá, á rọra. Ẹ kó wọn jọ mọ́ ọn, á sáré. Kò sí idán níbẹ̀: bí ìwúwo bá ṣe sún mọ́ àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni yíyí ṣe ń yá sí i. Ẹni tí kò mọ èyí, bí ẹ̀rù bá ti bà á, ńṣe ló máa ká gbogbo ara jọ di ọ̀pá mọ́ra, ọ̀pá á sì wá di òkòtó mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí eré bá ti pọ̀ jù, ẹ na ẹsẹ̀ kan síta. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ara mọ̀ láìronú nìyẹn, kó tó mọ ìdúró kankan lórí ayíbírí.

Ìyípo tó gbà yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lórí adúró lè gbà yín ní 10 tàbí 15 lórí ayíbírí. Ọ̀pá kò dúró, ẹ̀yin náà kò sì lè dúró. Ní gbogbo àkókò yẹn, yíyí ń fa ara síta, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ máa fà á padà. Ohun tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ ni iṣan tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ọwọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra wọn, ó ti pẹ́. Nítorí náà, ẹ máa ka ìyípo, ẹ má máa ka ìgboyà: mẹ́ta, kí ẹ bọ́ sílẹ̀, mẹ́rin, kí ẹ bọ́ sílẹ̀. Ẹ sì máa mí. Ọ̀pọ̀ ló ń sé èémí láti ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ títí yóò fi padà, wọ́n á wá máa sọ pé òòyì ló mú àwọn.

Òòyì náà wà lóòótọ́ ṣá. Omi kan wà nínú ihò etí tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yí. Bí ara bá dúró, omi yẹn ṣì ń lọ fún ìgbà díẹ̀, ojú á sì sọ pé kò sí ohun tó ń yí. Ìjà àwọn méjèèjì ni ìyọnu náà. Àwọn oníjó orí ilẹ̀ máa ń gbé ojú lé nǹkan kan lára ògiri, wọ́n á sì yára yí orí padà sí i. Ìyẹn kò bá ọ̀pá mu, torí orí kò lè sáré ṣáájú ara tó so mọ́ ọ̀pá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wo nǹkan tó ń bá yín yí: ọwọ́ yín lókè, orúnkún yín, tàbí ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ẹ má wo ògiri tó ń sáré kọjá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyípo mẹ́ta péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró títí ilẹ̀ á fi dúró, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó fún ọjọ́ kan. Bí itọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹnu, ó parí fún ọjọ́ yẹn, kí ẹ má ṣe agídí, torí ẹni tó bá fi tipátipá kọjá ibẹ̀ lè wà nínú òòyì títí di alẹ́. Ẹ má jẹun yó kí ẹ tó gùn ún, ẹ má sì gùn ún lébi. Ẹni tó bá ní àrùn etí, tàbí tó máa ń dákú, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ayíbírí.

Èwo wá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí adúró fún ọdún kan gbáko, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń gbé ẹni ọjọ́ kìíní lé ayíbírí torí pé fídíò rẹ̀ á dára. Ọ̀nà tí mo ti rí pé ó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn débi tí wọ́n ń lọ ni kí kíláàsì méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ ti adúró fún oṣù kan àkọ́kọ́, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ayíbírí: rírìn yí ọ̀pá ká, gbígbé ẹsẹ̀, nínà àti kíká láti mọ ìjánu. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò. Ṣé ẹ lè gun adúró ní ìfà méjì láìfò? Ṣé ẹ lè jókòó lórí itan, ọ̀pá láàárín, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá? Ṣé ẹ lè ṣe é ní ọ̀tún àti ní òsì? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pín àkókò dọ́gba láàárín ọ̀pá méjèèjì. Bí ọ̀tún nìkan bá ṣeé ṣe, ẹ padà sí adúró pẹ̀lú òsì. Èjìká tó ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo nígbà tí èkejì ń sinmi ló sábà máa ń yọ yín lẹ́nu nígbẹ̀yìn.

Fífi orí kọ́ ilẹ̀, ìyẹn kí orí wà nísàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ wà lókè, orí adúró ni kí ẹ ti kọ́ ọ ṣáájú, mi ò rí ìdí kankan láti yí ìyẹn padà. Ẹni tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ọ̀pá bá tún wá ń yí, kò ní mọ ẹsẹ̀ wo ló yẹ kó fi há ọ̀pá. Ìgbà tí ẹ bá ti lè gbé ìbàdí sókè láìfi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá sì ń wá ọ̀pá rí fúnra rẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tẹ̀ léra, nígbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sórí ayíbírí, kí ọ̀pá dúró jẹ́jẹ́ kí ẹ tó yí orí. Gígùn náà bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ń gun ayíbírí, ara ń sún mọ́ ọ̀pá, ọ̀pá á sì máa yá sí i bí ẹ ṣe ń lọ sókè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí ọ̀pá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì rárá.

Nǹkan kan wà tí ayíbírí ń fi pamọ́. Nítorí pé ọ̀pá ń gbé ìdúró yín káàkiri fún àwọn èèyàn láti wò, ìdúró tí kò nítumọ̀ náà máa ń dára lójú. Ẹ gbé e padà sórí adúró, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ ò nà, pé ẹ ò mọ bí ẹ ṣe máa ti ìdúró kan bọ́ sí òmíràn. Adúró náà ní tiẹ̀: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù máa ń fi agbára jíjù bo àìlera ikùn mọ́lẹ̀, ayíbírí á sì tú u fó láàárín ìyípo méjì. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe eré kan náà lórí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ibi tó bá ti bàjẹ́ lórí ọ̀kan ni iṣẹ́ wà.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan sílé, ẹ ra èyí tó lè ṣe méjèèjì. Ọ̀pá tó nípọn tó 45 mìlímítà ló wọ́pọ̀ jù. 40 máa ń bá àwọn tí ìka wọn kúrú mu, 50 sì ti ń di ti àtijọ́. Kuróòmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, idẹ ń dì mọ́ ara jù ú lọ, irin tí kì í dípẹtà sì ń yọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó dára fún ẹni tí níkẹ́ẹ̀lì ń yún lára. Èyí tí wọ́n fi silikóònù bò wà fún ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ gùn ún. Ẹ má kọ́ ìyípo adúró lórí rẹ̀, torí ọwọ́ kò ní rìn rárá. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ àti sípíríìtì nu irin kí ẹ tó gùn ún àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì fi ìpara pa ara lọ́jọ́ náà. Irin tútù máa ń yọ̀. Lórí adúró, fífi ọwọ́ rìn ń mú un gbóná, ṣùgbọ́n lórí ayíbírí kò sí ohun tó ń gbo ó, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ gbo ó lókè àti nísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pá tí wọ́n fi tì mọ́ àjà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ igi tàbí kọnkéré tó gbé àjà ró, kì í ṣe lábẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bò ó. Ẹ fi àyè mítà kan àbọ̀ sí méjì sílẹ̀ yí i ká. Lórí adúró, ẹ lè yan apá ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà. Lórí ayíbírí ẹsẹ̀ máa gba gbogbo rẹ̀, tábìlì tó wà ní igun kò ní sá fún un. Fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 dára lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń fi orí kọ́ ilẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rí ewu jù ni sukúrúù tó ń sọ ayíbírí di adúró. Wọ́n kéré, wọ́n wà nísàlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà kékeré ni wọ́n fi ń dè wọ́n. Bí wọ́n bá dè wọ́n dé ìdajì, ọ̀pá á dà bí adúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á wá yí lójijì nígbà tí ìwúwo bá wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fún wọn jù, ẹnu wọn á jẹ, wọn ò ní dì mọ́. Ẹ dè wọ́n títí wọn á fi dúró, ẹ fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un, ó tán. Kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, kódà bó jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ sọ́tùn-ún, ẹ lọ́ ọ sósì, kí ẹ wá fà á mọ́ra. Ayíbírí tó dára kì í ké. Bó bá ń ké, tàbí tó ń yí tó ń há, ìdọ̀tí ti wọ bẹ́árìn tàbí kó ti gbó.

Bíbọ́ sílẹ̀ náà yàtọ̀. Lórí adúró, ilẹ̀ wà níbi tí ẹ rò pé ó wà. Lórí ayíbírí, ẹ kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan síta kí eré dín kù, ẹ jẹ́ kí orí ìka ẹsẹ̀ kan fọwọ́ kan ilẹ̀ kó máa wọ́ tẹ̀ lé ọ̀pá, kí ẹsẹ̀ kejì tó kanlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ká. Ọwọ́ òkè ni kó kẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀pá títí ilẹ̀ á fi dúró lójú yín.